Richard Whitney, Ààrẹ Ọjà Ìpín ti New York: Ìtàn Ẹni tí Ẹnìkan Kò Bi Léèrè

A máa ń sọ ìtàn àwọn ènìyàn ńlá tí wọ́n ti kọjá lọ nínú ìwé wa yìí, kí àwọn tí ó wà láàyè lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ayé wọn dára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n àǹfààní wà pẹ̀lú nínú ìtàn ẹni tí ó gòkè dé ibi gíga tí ó sì ti ibẹ̀ ṣubú, bí a bá sọ ọ́ láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn Richard Whitney wá síwájú àwọn olùkà wa ní oṣù yìí. Ará Amẹ́ríkà ni, alágbàtà ìpín ni iṣẹ́ rẹ̀, òun sì ni Ààrẹ Ọjà Ìpín ti New York láti 1930 títí di 1935. Ní àkókò náà, bí a bá dárúkọ ọjà náà, òun ni àwọn ènìyàn ń rántí. Nígbà tí ó fi di 1938, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó wà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ọjà ìpín jẹ́, nítorí àwọn tí kò tíì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá fẹ́ dá òwò ńlá sílẹ̀, bí ọ̀nà reluwé tàbí ilé-iṣẹ́ irin, tí owó ẹnìkan kò sì lè tó o, wọn a pín òwò náà sí ọ̀nà púpọ̀, wọn a sì tà á fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́. Ìpín ni à ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó bá ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni òwò náà: bí èrè bá wà, yóò gba tirẹ̀, bí òfò bá dé, yóò kàn án. Bí ó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ni yóò lọ, bí kò ṣe ọjà, láti wá ẹlòmíràn tí yóò ra ìpín náà lọ́wọ́ rẹ̀. Alágbàtà ni yóò bá a ṣe é, alágbàtà yóò sì gba owó iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní New York, àwọn alágbàtà 24 ni ó kọ́kọ́ dá májẹ̀mú pọ̀ ní 1792, a sì ń sọ ọ́ títí di òní pé lábẹ́ igi kan ní Wall Street ni wọ́n ti ń pàdé. Ọjà náà dàgbà títí ó fi di èyí tí gbogbo ayé ń wò. Ṣùgbọ́n bí ó ti tóbi tó, ẹgbẹ́ àdáni ni ó ṣì jẹ́ ní ìgbà ayé Whitney. Ẹnikẹ́ni kò lè tà tàbí rà níbẹ̀ àfi ẹni tí ó bá ra àyè nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń yan olórí wọn, àwọn ni ó ń ṣe òfin fún ara wọn, àwọn náà ni ó sì ń ṣe ìdájọ́ ara wọn. Kí olùkà wa fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ìtàn yìí dúró lé.

Ìbí rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 1 oṣù August, 1888, ni a bí Richard Whitney ní ìlú Beverly, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìdílé ọlọ́lá ni ìdílé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí ilé ìfowópamọ́ kan ní Boston. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George, orúkọ ẹni tí a óò tún gbọ́ níwájú.

Ilé-ẹ̀kọ́ Groton ni a fi Richard sí. Àlùfáà Endicott Peabody ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1884, àlùfáà nínú Ìjọ Episcopal, èyí tí í ṣe Ìjọ Anglican ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n Peabody kò fẹ́ kí wọ́n dàgbà bí ọmọ àkẹ́bàjẹ́. Omi tútù ni wọ́n fi ń wẹ̀, yàrá wọn kéré, wọ́n sì ń gbọ́ ọ nígbà gbogbo pé ẹni tí a fi púpọ̀ fún gbọ́dọ̀ sin ìlú rẹ̀. Láti ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni Franklin Roosevelt ti jáde ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ẹni tí ó di Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Richard ṣe dáadáa ní Groton. Òun ni olórí àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù baseball fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láti ibẹ̀ ni ó lọ sí Harvard, a sì gbà á sínú ẹgbẹ́ Porcellian, tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ ọlọ́lá díẹ̀ ni ó ń rí àyè wọ̀ ọ́.

Ní 1912, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ó ra àyè nínú Ọjà Ìpín ti New York. Ní 1916 ó dá ilé-iṣẹ́ alágbàtà sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ọdún kan náà ni ó sì gbé Gertrude níyàwó, ọmọ George Sheldon tí a mọ̀ gan-an láàrin àwọn olówó New York. Ní àkókò yìí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀nà tirẹ̀, títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé ìfowópamọ́ J. P. Morgan, èyí tí ó lágbára jù lọ ní Wall Street. Nípasẹ̀ èyí, bí ilé Morgan bá fẹ́ ra bọ́ǹdì tàbí kí ó tà á, ilé-iṣẹ́ Richard ni wọ́n sábà máa ń rán. Bọ́ǹdì ni ìwé tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ fi ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú, tí wọ́n sì ń san èlé lé e lórí. Owó tí Richard ń rí nínú iṣẹ́ yìí kò pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n iyì tí ó ń bá a wá kò kéré. Ní ojú gbogbo ọjà, ẹni tí ilé Morgan bá fọkàn tán, ta ni yóò tún máa wádìí rẹ̀?

Báyìí ni ó ṣe ń gòkè. Ní 1919 a yàn án sínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ọjà, ní 1928 ó sì di igbákejì Ààrẹ. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, aṣọ rẹ̀ kì í ní àbùkù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa jáde bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ iyèméjì.

Ọjọ́ 24 oṣù October, 1929

Ní àwọn ọdún wọ̀nyí iye owó ìpín ń lọ sókè lójoojúmọ́. Akọ̀wé, dókítà, olùkọ́ àti àwọn tí kò rà á rí bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò fi owó ara wọn rà á. Wọn a san díẹ̀, wọn a yá ìyókù lọ́wọ́ alágbàtà, ìpín náà gan-an ni yóò sì jẹ́ ohun ìdógò. Níwọ̀n ìgbà tí ọjà bá ń gòkè, èyí dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá lọ sílẹ̀, alágbàtà yóò ní kí onígbèsè mú owó sí i wá. Bí kò bá rí i mú wá, a óò ta ìpín rẹ̀. Bí a bá sì ta ìpín ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà yóò tún lọ sílẹ̀ sí i.

Èyí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Thursday, 24 October, 1929. Láti òwúrọ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń tà, tí ẹni tí yóò rà kò sì tó. Ìpín tí ó pààrọ̀ ọwọ́ ní ọjọ́ náà jẹ́ 12,894,650, irú èyí tí a kò rí rí títí di ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ tí ń tẹ iye owó jáde kò lè bá ọjà rìn mọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà ní ìlú òkèèrè kò mọ̀ bóyá òun ṣì ní nǹkan tàbí òun ti di òtòṣì. Edward Simmons tí ó jẹ́ Ààrẹ ọjà nígbà náà kò sí ní New York. Whitney ni ó wà ní ipò rẹ̀.

Ní ọ̀sán, àwọn olórí ilé ìfowópamọ́ ńlá péjọ sí ilé Morgan tí ó dojú kọ ọjà náà. Thomas Lamont ni ó ṣe olórí ìpàdé, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti kó owó jọ kí a fi gbé ọjà dúró. Whitney ni wọ́n yàn láti ná an. Nígbà tí aago kan ààbọ̀ lù, ó wọ inú ọjà, kò sáré, kò sì fòyà. Ó rìn tààrà lọ sí ibùdó tí a ti ń ta ìpín ilé-iṣẹ́ irin ńlá náà, United States Steel, ó sì kéde pé òun yóò ra ìpín 10,000, òun yóò sì san 205 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí àwọn mìíràn ń fẹ́ san ní wákàtí náà kò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ láti ibùdó dé ibùdó, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìpín mìíràn. Ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀, ìṣubú náà sì dáwọ́ dúró fún ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ọjà náà tún wó. Ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, ìpín 16,410,030 ni a tà, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a dúró mọ́. Òṣùwọ̀n Dow Jones tí a fi ń mọ bí ọjà ti rí wà ní 381.17 ní ọjọ́ 3 oṣù September, 1929. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 8 oṣù July, 1932, ó ti di 41.22. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò gbàgbé ọkùnrin tí ó rìn wọ inú ọjà láìfòyà. Owó tí ó ná ní ọjọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n òkìkí ibẹ̀, tirẹ̀ ni. Ní 1930 a fi í jẹ Ààrẹ Ọjà Ìpín ti New York.

Ipò Ààrẹ

Ọdún márùn-ún ni ó fi wà ní ipò náà, àwọn ọdún tí ó le jù lọ fún ọjà náà. Ebi ń pa ìlú, ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ti kógbá sílé, àwọn ará ìlú sì fẹ́ mọ ohun tí ó sọ wọ́n di òtòṣì. Láti 1932 ni ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àwọn oníṣòwò Wall Street, ọ̀pọ̀ àbòsí sì hàn sí gbangba.

Whitney dúró níwájú ìgbìmọ̀ náà, ó sì gbèjà ọjà rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Ohun tí ó dì mú ni pé ọjà náà kò ní àbùkù, pé àwọn tí ń ṣe é jẹ́ ọmọlúwàbí, pé wọ́n lè ṣọ́ ara wọn, àti pé kò yẹ kí ìjọba rán ẹnikẹ́ni wá wo ìwé wọn. Ó rin ìrìn-àjò káàkiri láti sọ èyí fún àwọn ènìyàn. Ní 1931 ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn oníṣòwò ìlú Philadelphia, ohun tí ó sì fi ṣe àkòrí ọ̀rọ̀ náà ni ìwà òtítọ́ nínú òwò.

Kò rí ọ̀nà gbé e gbà. Roosevelt, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́, fi ọwọ́ sí òfin ọdún 1933 tí ó pọn ọ́n dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ ta ìpín titun láti sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ní 1934 òfin kejì jáde, ó sì dá ìgbìmọ̀ ìjọba sílẹ̀ láti máa bojú tó ọjà ìpín gbogbo. Ní 1935 Charles Gay gba ipò Ààrẹ lọ́wọ́ Whitney. Ṣùgbọ́n Whitney kò kúrò nínú ìgbìmọ̀ àkóso, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣì ní ìwúwo níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn lè ṣọ́ ara rẹ̀ kò kéré.

Ohun tí ó wà ní ìkọ̀kọ̀

Ní gbogbo àkókò tí ó fi ń sọ̀rọ̀ báyìí, gbèsè ti wọ Richard Whitney lọ́rùn. Ó mọ ọ̀nà láti rà àti láti tà fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti í ṣòwò fún ara rẹ̀. Ó ní ilé ńlá ní New York àti oko ńlá ní New Jersey pẹ̀lú ẹṣin àti màlúù, ìnáwó rẹ̀ sì ga ju owó tí ń wọlé fún un lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mú òwò titun wá fún un, tí ó sì ṣe ìlérí èrè kíákíá, a máa gbà á gbọ́. Ó fi owó sínú ilé-iṣẹ́ kan tí ń wa ilẹ̀dú ní Florida láti tà á fún àwọn àgbẹ̀. Owó náà rì. Ní òpin 1933 tí a tún gba ọtí láàyè ní Amẹ́ríkà, ó gbà pé ọtí líle tí a fi èso ápù ṣe ni gbogbo ènìyàn yóò máa mu, ó sì wọ inú ilé-iṣẹ́ tí ń pọn ọ́n. Fún ìgbà díẹ̀ ìpín ilé-iṣẹ́ náà gòkè, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀.

Níhìn-ín ni okùn ti fà á. Ìpín ilé-iṣẹ́ ọtí náà ni ó fi dógò lọ́dọ̀ àwọn tí ó yá a lówó. Bí iye owó ìpín náà bá lọ sílẹ̀, àwọn tí ó yá a lówó yóò béèrè ohun ìdógò mìíràn. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ ta ìpín yìí, Whitney fúnra rẹ̀ a rà á kí iye rẹ̀ má bàa bọ́. Láti rà á, ó ní láti yá owó sí i. Ó yá owó lọ́wọ́ George ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí owó náà fi súnmọ́ mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ó yá a lọ́wọ́ ilé Morgan. Ó yá a lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì béèrè ohun ìdógò kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ìdógò.

Nígbà tí àwọn tí ó lè yá a lówó kò tó mọ́, ó na ọwọ́ sí ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Òun ni akápò ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti New York. Ó kó bọ́ǹdì ẹgbẹ́ náà, iye rẹ̀ lé ní 100,000 dọ́là, ó sì fi í dógò ní ilé ìfowópamọ́ láti yá owó fún ara rẹ̀. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ti kú, a sì ti fi ogún rẹ̀ sí ìtọ́jú Whitney. Ó mú nínú rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó lé ní 100,000 dọ́là.

Èyí tí ó burú jù ni ti àpò ìrànlọ́wọ́. Ọjà Ìpín ní àpò kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, nínú àpò yìí ni a ti ń fún opó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní owó. Whitney jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń tọ́jú àpò náà, òun náà sì ni alágbàtà rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá pinnu láti ta bọ́ǹdì kan kí a sì ra òmíràn, òun ni a ń fi í rán. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kò dá bọ́ǹdì titun náà padà sínú àpótí. Ó fi í dógò fún gbèsè ara rẹ̀. Akọ̀wé àpò náà a máa béèrè. Whitney a dáhùn pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, akọ̀wé náà a sì padà lọ. Ta ni akọ̀wé, tí yóò fi máa ka ọ̀rọ̀ sí Ààrẹ àtijọ́ lẹ́sẹ̀? Nígbà tí 1937 fi ń lọ sí òpin, ohun tí ó wà lọ́wọ́ Whitney nínú dúkìá àwọn opó àti ọmọ òrukàn ti lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là.

Àwọn tí ó mọ̀ tí wọn kò sọ

Ní oṣù November, 1937, ìgbìmọ̀ àpò náà ṣe ìpàdé, Whitney kò sì wá. Ní ọjọ́ náà ni akọ̀wé rí ẹnu sọ ọ́: ó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bọ́ǹdì wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Whitney tí òun ti ń béèrè láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kí ó dá a padà kíákíá. Kò ní ohun tí yóò dá padà. Ó sá tọ George lọ, ó sì jẹ́wọ́ fún un.

Ìdààmú bá George. Òun fúnra rẹ̀ kò ní gbogbo owó náà lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà, nítorí náà ó tọ Thomas Lamont lọ, ẹni tí a ti dárúkọ rẹ̀ níṣàájú. Lamont yá a ní 1,082,000 dọ́là, kò sì wádìí ọ̀rọ̀ náà jìnnà. A dá dúkìá àwọn opó padà. Kò sí èyí tí ó lọ sọ fún ìgbìmọ̀ àkóso ọjà, kò sí èyí tí ó sọ fún ìjọba. A kò gbọdọ̀ sọ pé èrè ni wọ́n ń wá. Wọn kò rí nǹkankan jẹ níbẹ̀ bí kò ṣe òfò. Ìfẹ́ ìyèkan ni ó dí ọ̀kan lẹ́nu, ìfẹ́ ọ̀rẹ́ ni ó dí èkejì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn ènìyàn rere wọ̀nyí fi iná sórí òrùlé, wọ́n sì sùn.

Láàrin oṣù mẹ́rin tí ó tẹ̀lé èyí, Whitney wá awin ní ìgbà 111. Ó fi èyí san tọ̀hún, ó sì fi tọ̀hún san èyí. Ó tọ ẹni tí ó mọ̀ dáadáa lọ, ó sì tọ ẹni tí kì í kí ní àárọ̀ lọ. Àwọn kan nínú àwọn tí ó yá a lówó ní àkókò yìí kò tíì rí i gbà padà nígbà tí ó ṣubú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó mọ̀ ní November ti sọ̀rọ̀, àwọn wọ̀nyí kì bá tí bọ́ sínú rẹ̀.

Ìṣubú rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1938 Ọjà Ìpín fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàtà, kí olúkúlùkù sọ bí owó rẹ̀ ti rí. Ìdáhùn ilé-iṣẹ́ Whitney pẹ́ kí ó tó dé, nígbà tí ó sì dé, kò tọ́. A rán ẹni tí yóò yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, gbogbo ohun tí ó fara pamọ́ sì hàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Whitney tọ Charles Gay Ààrẹ lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò sọ pé òun kò jẹ̀bi. Ohun tí ó fi bẹ̀bẹ̀ ni pé òun ni Richard Whitney, pé ní ojú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn òun àti ọjà náà jẹ́ ọ̀kan, àti pé bí a bá ba òun jẹ́, ọjà ni a bà jẹ́. Gay kọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún Gay láti ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ni Whitney ní nínú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 8 oṣù March, 1938, ní kété tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá, a lu agogo, òwò dúró, Gay sì kéde láti orí àga gíga pé a ti dá ilé-iṣẹ́ Richard Whitney dúró nítorí gbèsè àti ìwà tí kò bá òtítọ́ òwò mu. Inú ọjà tí ó ti rìn wọ̀ láìfòyà ní 1929 ni a ti ka ọ̀rọ̀ yìí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Ní ọjọ́ kẹta, Thomas Dewey agbẹjọ́rò ìjọba fi ẹ̀sùn olè kàn án. Whitney kò jiyàn, kò sì di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 11 oṣù April adájọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10. Ní ọjọ́ kejì a fi reluwé gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Sing Sing lẹ́bàá odò Hudson, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ lọ́wọ́, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì péjọ sí ibùdókọ̀ láti wò ó. Ẹni ọdún 49 ni.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó hu ìwà burúkú kankan nínú ẹ̀wọ̀n. Iṣẹ́ tí a fún un ni ó ṣe, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù baseball pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n bí ó ti gbá a ní ìgbà èwe rẹ̀. Àlùfáà Peabody, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, wá bẹ̀ ẹ́ wò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé wa yóò mọ ohun tí ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún arúgbó olùkọ́ àti fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní oṣù August, 1941, a dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan. A ti kà á léèwọ̀ fún un láti tún ṣe òwò ìpín láé. Ó lọ sí Barnstable ní Massachusetts, ó sì ń ṣe àbójútó oko màlúù kékeré kan tí í ṣe ti ìdílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. George sì san gbèsè rẹ̀ títí ó fi san án tán. Whitney gbé ayé jẹ́jẹ́, kò tún wá ipò kankan láwùjọ mọ́, ó sì kú ní New Jersey ní ọjọ́ 5 oṣù December, 1974, ní ẹni ọdún 86.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ìṣubú Whitney ni ó pa ẹnu àwọn tí ń sọ pé ọjà náà kò nílò olùṣọ́. Ní ọdún 1938 kan náà a tún àkóso rẹ̀ ṣe. A fi William McChesney Martin jẹ Ààrẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 31, òun sì ni Ààrẹ àkọ́kọ́ tí a ń san owó oṣù fún, kí ó má bàa ní òwò tirẹ̀ mọ́ níbẹ̀. A ṣe òfin pé àwọn tí kì í ṣe ará ilé-iṣẹ́ náà ni yóò máa yẹ ìwé owó àwọn alágbàtà wò.

Ohun tí a rí kọ́

Àwọn kan yóò ka ìtàn yìí, wọn yóò sì wí pé ojúkòkòrò ni ó pa á. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Olójúkòkòrò pọ̀ ní ayé tí ọwọ́ wọn kò tó àpò opó. Ohun tí ó jẹ́ kí ọwọ́ Whitney tó o ni pé gbogbo ènìyàn fọkàn tán an dé ibi tí ìbéèrè fi di àrífín. Ìgbìmọ̀ kò béèrè nítorí Ààrẹ ni. Akọ̀wé béèrè, ṣùgbọ́n ojú tì í láti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwọn tí ó yá a lówó kò béèrè nítorí ọmọ ẹni ńlá ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì sọ nítorí àbúrò ni. Gbogbo wọn ṣe é nítorí ọ̀wọ̀. Bí ẹnìkan bá ti ka bọ́ǹdì inú àpótí lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó ṣeé ṣe kí ó kú sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú iyì, kí orúkọ rẹ̀ má sì wọ ìwé ìtàn fún ibi.

Kò sí ẹgbẹ́ kan láàrin wa tí kò ní akápò: ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ olùkọ́, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, títí dé alájọ ní ìsàlẹ̀ ọjà. Àwọn tí a fẹ́ràn ni a ń fi ṣe é, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń yẹ ìwé owó wọn wò ní àkókò rẹ̀, a kò tàbùkù wọn. Ààbò ni a fi yí wọn ká. Akápò tí ó jẹ́ olóòótọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ máa bèèrè fún un, kí ẹ̀rí wà fún un ní ọjọ́ tí ahọ́n búburú bá dìde sí i. Ìgbìmọ̀ tí ó bá sì ń tijú láti béèrè, kí ó rántí akọ̀wé kékeré yẹn ní New York, tí ó dúró níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní oṣù November, 1937, tí ó sì sọ ohun tí ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kò jẹ́ kí owó àwọn opó ṣègbé.